Ààbò igbó: ta ló yẹ kó sanwó rẹ̀?



Òfin igbó tí Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023 ní kòkó tó bá jáde látinú oko tí wọ́n pa igbó dá lẹ́yìn 31 December 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, àmọ́ wọn ò fagi lé e. Oko kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àmì GPS. Tó bá ju hẹ́kítà 4 (bí éékà 10) lọ, ààlà rẹ̀ yíká ni wọ́n máa wọ̀n.

Mi ò ní ká máa pagbó o. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹnu àwọn tó ń gbèjà àyíká wọ̀nyí ò kò. Láti 2007 ni Yúróòpù ti lé paraquat kúrò lóko tiwọn. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sílẹ̀ ẹlòmíì. Àwa náà ń fi í pa koríko níbí títí NAFDAC fi fòfin dè é ní January 2024. Àmì GPS yẹn, igi ló ń ṣọ́. Kò lè rí oògùn tó ṣàn wọ odò.

Èyí tó dùn mí jù ni tilé wa. Àwa òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn á wọ oko, à á ní kí bàbá má gé ìrókò, kó fi ṣe ìbòòji fún kòkó. Bàbá gbọ́, ó tọ́jú igi fún ogún ọdún. Ta ló wá ni igi? Tí bàbá bá fẹ́ gé e, wọ́n á ní kó lọ gbàwé lọ́wọ́ ìjọba. Tí agégẹdú bá sì gbàwé ní tiẹ̀, igi á wó lu kòkó, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n á já sí bàbá lọ́wọ́, nígbà míì kò tiẹ̀ ní sí rárá. Àgbẹ̀ tójú ẹ̀ bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan, tó bá tún rí ọmọ ìrókò tó ń hù bọ̀, àdá ló máa fi kí i. Ṣé ọ̀tá àyíká nìyẹn? Irọ́ ni jàre, ó mọ ìṣirò ni.

Ẹni tó fẹ́ kí igi dúró, kó jẹ́ kí ẹni tó tọ́jú ẹ̀ ni ín. Ẹni tó fẹ́ àwòrán oko, kó sanwó àwòrán. Ẹ̀yin bàíyà, ẹ má yọ ọ́ nínú owó kòkó àgbẹ̀ o.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn oko yín, àmọ́ ẹ gba ẹ̀dà tiyín sọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ.