Ta Ni Ó Ń Fi Kún Ẹ̀wọ̀n Adájọ́?

Adájọ́ a máa ka iye ọdún tí arúfin yóò lò lẹ́wọ̀n. Àwa ará ìlú ni kì í ka tiwa tán. Ẹni tí a rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta padà wálé, a kò fún un ní yàrá gbé, a kò gbà á síṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò ṣe onídùúró rẹ̀. Mo ní ìwà yìí kò bá òfin mu, kò bá àṣà wa mu, kò sì dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí òfin bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2019, òfin tuntun sọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà di àjọ atúnwàṣe. Ṣáájú èyí, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, tí kò fẹ́ kí ẹni tí a dá lẹ́bi ìwà àìṣòótọ́ du ipò ààrẹ, fi ọdún 10 ṣe gbèdéke. Ẹni tí òfin gbà kí ó du ipò ààrẹ ni àwa kò gbà kí ó gbálẹ̀ ọjà! Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó wà ní àhámọ́ ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Bí a bá tú àwọn náà sílẹ̀, "ẹlẹ́wọ̀n" kan náà ni à ń pè wọ́n.

Àwọn kan yóò ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́." Wọ́n ṣi òwe lò. Ẹni méjì tí ó pe ara wọn lẹ́jọ́ ni òwe yìí ń bá wí. Kò ní kí odindi ìlú bá ẹnì kan ṣọ̀tá títí láé. Èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu ni pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ti ṣiṣẹ́, òsì dà?

"Bí ó bá tún jalè ńkọ́?" Ẹni tí a ti jí ẹrù rẹ̀ rí lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù. N kò ní kí a fi kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Iṣẹ́ ni kí a fún un, kí a sì máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí kò rí iṣẹ́, tí kò rí ilé, àwọn tí ó bá pàdé lẹ́wọ̀n nìkan ni yóò kù tí yóò gbà á.

Ẹ̀yin olùkọ́, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni àwọn mìíràn ti ṣe ìdánwò NECO yege. Ìwé ẹ̀rí wọn kò yàtọ̀ sí ti akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí a fi "ọmọ ẹlẹ́wọ̀n" bú ọmọ wọn ní kíláàsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbáradì fún ìdánwò, ẹ̀yin ni yóò gbani síṣẹ́ lọ́la. Ẹ bi ẹni tí ó bá wá síwájú yín léèrè ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ tó bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀.