ẸNI TÓ TA ÌGÒ, KÓ GBA ÒFÌFO PADÀ

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí la fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un.

Ẹ wo inú gọ́tà ọjà yín. Kí lẹ ó rí níbẹ̀? Ìgò ike ni, ọ̀rá omi ni, agolo ni. Ìgò mínírà tó jẹ́ gíláàsì ńkọ́? Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí ọ̀kan. Kì í ṣe pé ẹni tó ń mu ti gíláàsì mọ́ tónítóní ju ẹni tó ń mu ti ike lọ. Owó ló wà lórí ìgò yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta mínírà mọ ohun tí à ń wí: ẹ kò lè gba kíréètì tó kún láì gbé òfìfo sílẹ̀, àfi kí ẹ san owó ìgò. Oníbàárà tó bá fẹ́ gbé e lọ sílé, ẹ ó gba owó ìgò lọ́wọ́ òun náà. Bó bá dá a padà, ẹ ó fún un lówó rẹ̀. Ohun tó bá ní owó lórí kì í sùn ní gọ́tà.

Nígbà tí òfìfo bá dé ilé-iṣẹ́, wọn kì í kó o dànù. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á fi omi gbígbóná àti sódà fọ̀ ọ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n á sì tún rọ mínírà sí i. Ìgò kan náà lè jáde lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mejìlá, lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, kó tún padà. Èyí tó bá fọ́, wọ́n lè yọ́ ọ fi ṣe ìgò tuntun, torí gíláàsì ṣeé yọ́ léraléra, iná tó ń gbà sì dín sí ti èyí tí wọ́n fi yanrìn ṣe. Kíréètì tó bá ya náà, wọ́n lè lọ̀ ọ́ kí wọ́n fi ṣe òmíràn. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe?

Ìgbà tí ìgò ike dé ni nǹkan yí padà. Ike fúyẹ́, kì í fọ́, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kò sì ní í gbé òfìfo padà mọ́. Èrè ni fún wọn. Ta ló wá ru òfìfo? Àwa ni. Àwa là ń gbá a, àwa là ń sanwó fún ọkọ̀ akólẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí gọ́tà dí, inú ìsọ̀ wa ni omi ń wọ̀, gaàrí àti aṣọ wa ló ń bàjẹ́.

Ìjọba náà ò dákẹ́. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de àwo fóómù funfun tí a fi ń bu oúnjẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù keje 2025, òfin náà kan ife ike, síbí ike, sítírọ́ọ̀ àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A ò sọ pé òfin burú. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ wa ló rọrùn fún agbófinró láti dé. Ṣé ẹni tó ń tà á nìkan ló jẹ̀bi, ẹni tó ń ṣe é ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ ike kì í ṣe ìdọ̀tí o. Àwọn tó ń ṣa ike lọ́jà wa kì í ṣe wèrè, kílò ni wọ́n fi ń tà á. Wọ́n á ya àwọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fà á bí òwú. Òwú yẹn ni wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí, òun náà ni wọ́n fi ń hun aṣọ. Agolo náà, àwọn tó ń rọ ìkòkò ń wá a kiri.

Ẹ jẹ́ ká wo Jámánì. Láti 2003 ni wọ́n ti ń gba sẹ́ǹtì 25 owó Yúróò lórí ìgò ike àti agolo. Ẹni tó bá mu ún tán, ṣọ́ọ̀bù ló ń dá a padà sí, wọ́n á sì dá owó rẹ̀ padà fún un. Àwọn ìgò ike tó nípọn tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ń fọ̀ tí wọ́n tún ń rọ nǹkan sí, bíi ti gíláàsì.

Ẹlòmíràn á ní, "Ọjà á wọ́n, oníbàárà á sá." Rárá o. Owó ìgò kì í ṣe iye ọjà, owó ìdúró ni, ó ń padà ni. Ẹlòmíràn á ní, "Níbo la fẹ́ kó òfìfo sí?" Ọkọ̀ tó ń kó ọjà wá, ṣebí òfìfo ni òun náà ń padà lọ? Kó gbé e. Kí ilé-iṣẹ́ sì yọ nǹkan díẹ̀ fún ẹni tó bá wọn gbà á jọ, torí iṣẹ́ kì í lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta là ń béèrè. Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ àti àwọn aṣojú wọn pé a fẹ́ owó ìgò lórí ike. Èkejì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní àpò ike àti àpò agolo tirẹ̀, kí ìyókù oúnjẹ má bọ́ sínú rẹ̀, torí ike tó dọ̀tí kò lówó lórí. Ẹ̀kẹta, ìgò tí wọ́n ti bu kẹrosíìnì tàbí oògùn apakòkòrò sí rí, ẹ má bu epo, òróró tàbí ẹ̀pà sínú rẹ̀, ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ìyókù.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. A ṣe tán láti gba òfìfo jọ. Kí àwọn tó ṣe é náà wá gbà á. Ajé á máa bá wa gbé o.