Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Laptop Tó Kọ̀ Tí Kò Jí

Àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé ohùn Ìyá Àgbà tí mo ṣèlérí dà. Ẹ jókòó, kí n ròyìn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ mọ̀ pé Ìyá Àgbà ló ń ki gbogbo wa. Bí ọmọ bá ti Ẹnu Ọ̀wá wọlé, kó tó bọ́ bàtà, Ìyá á ti kì í dé ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀. Kí Ìyá tó wọ káà ilẹ̀ sùn, mo jókòó tì í ní ọ̀sán mọ́kànlá, mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ sórí laptop. Mo wá pa ti orí fóònù rẹ́, torí ààyè ti kún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí a ṣe ìrántí ọdún kan Ìyá ni laptop ní òun fẹ́ ṣe update. Mo ní kó máa ṣe é. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, iná tààrà ló ń jẹ. Ó dé ìdajì, iná lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa tan jẹnẹrétọ̀, mo tẹ laptop, àmì róbótó kan ń yí, ó ń yí, ó kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, bákan náà. Àyà mi já.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá nítòsí Ìdúmọ̀tà ò wò ó tó ìṣẹ́jú kan tó fi ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká format ẹ̀, ẹ wá gbé e lọ́la." Mo ní àwọn ohun tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́? Ó ní, "Ìyẹn á lọ o, ṣùgbọ́n laptop á ṣiṣẹ́." Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé laptop ni mò ń sunkún lé lórí ni?

Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, ní Ìkẹjà. Ó wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà jí ló bàjẹ́. Ibòmíì ni ohùn Ìyá Àgbà wà nínú ẹ̀." Ohun tó ṣe nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ ń lo Windows.

Èkíní, ó yọ gbogbo ohun tí mo kì bọ̀ ọ́ lára, ó fi ṣájà sí i. Ó ní bí update bá ṣì ń lọ, àní bó pẹ́ tó wákàtí méjì, kí a má pa á.

Èkejì, kó tó tún ohunkóhun ṣe, ó kọ́kọ́ kó ẹrù jáde. Ó ki flash kan bọ̀ ọ́ tí Ubuntu wà lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì gba orí flash náà jí láì fọwọ́ kan Windows. Bó ṣe fẹ́ ṣí hard disk, wọ́n béèrè nọ́ńbà 48 lọ́wọ́ wa. Àgádágodo tí Windows fi ń ti ẹrù wa pa nítorí olè ni, BitLocker ni wọ́n ń pè é. Láìsí nọ́ńbà yẹn, kò sí ọ̀nà. Orí bá mi ṣe é: email tí mo fi ṣí laptop náà níjọ́ kìíní ṣì wà lọ́wọ́ mi. A gba orí fóònù wọ àkáǹtì Microsoft mi, a rí nọ́ńbà náà níbẹ̀. Ẹ lọ wá tiyín lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀kẹta, ó tan laptop, bí àmì bá ti yọ, á di bọ́tìnnì iná mú títí yóò fi kú. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ojú ìwé aláwọ̀ búlúù kan yọ. Ó tẹ "Troubleshoot", ó tẹ "Advanced options", ó gbìyànjú "Startup Repair". Kò gbọ́. Ó tẹ "Uninstall Updates", ó yọ èyí tó dá dúró lágbedeméjì kúrò. Laptop jí. Ó ní ká ní kò jí ni, "Reset this PC" ló kù, kí a sì yan "Keep my files", kí a má yan "Remove everything" láé.

Mo ní àìmọ̀kan mi ló fà á. Ó ní ọ̀rọ̀ update ti wó àwọn tó mọ̀ jù mí lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, CrowdStrike, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, fi update alábùkù kan ránṣẹ́. Kò tó wákàtí kan ààbọ̀ tí wọ́n fi dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Microsoft ṣírò pé kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 8.5 ló dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ò gbéra, àwọn dókítà kan ní Ìlú Ọba ò rí ìwé aláìsàn wọn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn, wọ́n ní láti lọ bá a nídìí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jí i ní Safe Mode, kí wọ́n yọ fáìlì kan ṣoṣo kúrò. Wọn ò tìtorí fáìlì kan nu gbogbo ilé.

Ọjọ́ ìrántí pé. A gbé ohùn Ìyá sórí ẹ̀rọ, ilé pa lọ́lọ́. Ó dé orí ìkẹjọ, ohùn gé lójijì láàárín orúkọ: ọjọ́ yẹn ni ààyè fóònù tán, mi ò sì mọ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀, Àǹtí mi àgbà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ti gba oríkì náà níbi tó gé sí, ó kì í parí. A ò mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi. Odù 256 ni Ifá ní, àwọn bàbá wa ò fi í sí ẹnu ẹnì kan. Bí awo kan bá ń kì í, àwọn ìyókù á máa gbè é. Bó bá ṣì í, wọ́n á tọ́ ọ sọ́nà. Èmi wá kó ohùn ìyá ilé sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí kò ní bátìrì.

Ní báyìí, ohùn náà wà lórí laptop, ó wà lórí hard disk kan nínú àpótí, ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa ní London. Àǹtí sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ilé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Mo jókòó tì wọ́n. Èmi náà ń kọ́ ọ.

Kí Òrìṣà má jẹ́ kí ohùn àwọn àgbà wa parẹ́. Ó di oṣù mẹ́ta òní. Àṣẹ.