Bí Linux Bá Ní Kò Sí Ìyọ̀ǹda

Inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó ń kọ́ bí a ti ń lo kọ̀ǹpútà tí Linux ń darí máa ń bàjẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ méjì kan lójú ẹ̀rọ náà: Permission denied. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kò yọ̀ǹda fún wọn láti ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Àwọn mìíràn a bínú, wọn a ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Àwọn mìíràn a sáré tọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò jù wọ́n lọ, onítọ̀hún a sì fún wọn ní àṣẹ kúkúrú kan, chmod 777, tí ó ń ṣí fáìlì sílẹ̀ gbayawu fún tajá tẹran. Fáìlì a ṣí, inú a dùn, ọ̀ràn a sì dà bí ẹni pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀rọ tí ó ní kò sí ìyọ̀ǹda kò bàjẹ́ rárá. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó ń jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó gbà fún òun níláti kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó mú kí ó kọ̀.

Àṣà yìí kò ti orí Linux bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1969 ni Ken Thompson, Dennis Ritchie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Unix ní Bell Labs ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà wọ́n bí ojú nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pín ẹyọ kan ṣoṣo lò, kò sì yẹ kí ọwọ́ ẹnìkan ba iṣẹ́ ẹnìkejì jẹ́. Nígbà tí Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, gbé Linux jáde ní 1991, ìlànà Unix ni ó tẹ̀ lé. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ni kọ̀ǹpútà náà lónìí, ẹ̀rọ yìí ṣì ń hùwà bí agbo-ilé ńlá tí onílé àti àlejò jọ ń gbé.

Lára fáìlì kọ̀ọ̀kan ni Linux ti kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti orúkọ ẹgbẹ́ kan, ó sì pín gbogbo ayé sí ọ̀nà mẹ́ta: oníǹkan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, àti àwọn yòókù. Kíkà ni 4, kíkọ nǹkan sí i ni 2, lílò ó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe ni 1. Ẹni tí ó bá kọ 640 sí fáìlì ń sọ pé oníǹkan lè kà á kí ó sì kọ nǹkan sí i, pé ẹgbẹ́ lè kà á nìkan, pé kò sí ohun tí ó kan àwọn yòókù níbẹ̀. Kí ni 777 wá jẹ́? Òun ni pé ẹnikẹ́ni lè ṣe ohunkóhun. Bí olùkọ́ bá fi í sí fáìlì tí a kọ máàkì ìdánwò sí lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé-ìwé jọ ń lò, tí fódà rẹ̀ náà sì ṣí sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba 30 lè sọ ọ́ di 80 kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Fódà gan-an ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù. Ní ti fódà, 4 ni àyè láti wo orúkọ àwọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n 1 ni àyè láti gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó ń lọ sí yàrá inú lọ́hùn-ún níláti gba ẹnu ọ̀nà ìta kọjá, kí ó sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá wà ní títì, kí ni ìlẹ̀kùn yàrá tí ó ṣí sílẹ̀ yóò ṣe fún un? Ẹ wo ọmọ ilé-ìwé tí ó ṣe ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan, tí ó sì fi í sínú fódà tirẹ̀ lábẹ́ /home. Ètò tí yóò gbé ojú-ewé náà fún àwọn òǹkàwé kò jẹ́ orúkọ ọmọ yìí. Www-data ni orúkọ rẹ̀ lórí Debian àti Ubuntu. Láti ìgbà tí Ubuntu 21.04 ti jáde ní 2021, 750 ni a ń fún fódà ilé oníṣẹ́ tuntun, àwọn ará ìta kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ náà lè kọ 777 sára fáìlì rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, ẹ̀rọ yóò kọ̀ nígbà mẹ́wàá, nítorí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó tì, kì í ṣe yàrá. Àṣẹ namei -l ìbá ti fi gbogbo ẹnu ọ̀nà náà hàn án lẹ́sẹẹsẹ, àti ẹni tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó sì sàn kí ó gbé ojú-ewé náà lọ sí /var/www, níbi tí a ti ń retí àlejò, ju kí ó ṣí ilé ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ.

Àwọn tí kò lo 777 a máa sá lọ bá sudo. Ní nǹkan bí ọdún 1980 ni a ṣe é ní yunifásítì ìpínlẹ̀ New York ní Buffalo, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn ṣiṣẹ́ ní orúkọ root, ẹni tí ó dà bí baálé gbogbo agbo-ilé náà. Ohun èlò rere ni, àmọ́ wàdùwàdù àwọn tí ń lò ó ti pọ̀ jù. Fáìlì tí a bá fi sudo ṣe, root ni yóò ni ín. Bí ẹni kan náà bá padà wá ní ọjọ́ kejì ní orúkọ ara rẹ̀ láti tún un ṣe, Permission denied ni yóò tún bá pàdé, yóò sì tún ké sí sudo. Báyìí ni ìdínà kan ṣe ń bí òmíràn. Àṣẹ ls -l ìbá ti sọ ẹni tí ó ni fáìlì fún un, id ìbá ti sọ orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ àti ẹgbẹ́ tí ó wà, chown ì bá sì ti dá fáìlì padà fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ pé ṣẹ̀ṣẹ̀ ni a fi í sínú ẹgbẹ́ ni, ó lè jẹ́ pé kí ó jáde kí ó tún wọlé nìkan ni ó kù.

Àwọn kan yóò ní, “Kọ̀ǹpútà mi ni, èmi nìkan ni mo ń lò ó, ta ni mo ń sá fún?” Irú wọn a máa yà á lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ssh, ètò tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn. Ssh ní fáìlì kọ́kọ́rọ́ kan tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣírí. Ẹni tí ó bá kọ 777 sára kọ́kọ́rọ́ náà kí ó lè tètè ṣiṣẹ́ yóò rí i pé ssh kò ní lò ó mọ́: yóò kìlọ̀ fún un pé ó ṣí sílẹ̀ jù, yóò sì kọ kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀, títí onítọ̀hún yóò fi dá a padà sí 600.