Ta Ni Ó Ní Yorùbá Kò Lè Sọ Ìtàn Ọ̀la?

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wa, àní lẹ́nu àwọn olùkọ́ wa mìíràn pẹ̀lú. Wọ́n ní ìtàn àròsọ tí ó bá da ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pọ̀ mọ́ ìfẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ òǹkọ̀wé Yorùbá. Ẹsẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ wọn fi dúró. Èkínní, wọ́n ní àlá ọ̀sán gangan ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀, pé ohun tí ó bá ṣáà ti wu òǹkọ̀wé ni ó ń kọ. Èkejì, wọ́n ní èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n n kò gbà. Irọ́ ni èkínní. Ọ̀lẹ ni ó bí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, kí a wo bí a ṣe kọ ọ́. Audrey Niffenegger, ayàwòrán àti olùkọ́ ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ The Time Traveler's Wife, tí ó jáde ní ọdún 2003. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, a máa ṣàdédé pòórá kúrò nínú òní, a sì bọ́ sínú àná tàbí ọ̀la. Clare ìyàwó rẹ̀ kò lè bá a lọ. Tirẹ̀ ni kí ó máa retí. Báwo ni òǹkọ̀wé yìí ṣe bẹ̀rẹ̀? Orúkọ ìwé náà ni ó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, ó sì kọ ọ́ sórí bébà tí ó fi bo tábìlì ìyàwòrán rẹ̀. Ìwé alàwòrán ni ó fẹ́ fi ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé àwòrán tí ó dúró sójú kan kò lè fi ìgbà tí ń lọ hàn dáadáa. Ní 1997 tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ìparí ni ó kọ́kọ́ kọ: Clare ti di arúgbó, ó sì ń retí ọkọ rẹ̀. Ó ti mọ ọkàn ìtàn rẹ̀ kí ó tó mọ ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀.

Òfin líle ni ó sì fi de ara rẹ̀. Henry kò lè yan ìgbà tí yóò lọ tàbí ibi tí yóò já sí. Kò lè mú ohunkóhun dání. Ìhòòhò ni yóò bá ara rẹ̀. Èyí tí ó le jù ni pé kò lè yí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ padà. Ó padà síbi tí ìyá rẹ̀ ti kú nínú jàǹbá ọkọ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, kò sì lè gbà á là. Ẹ̀yin tí ẹ ní ohun tí ó wu òǹkọ̀wé ni ó ń kọ, ẹ dá mi lóhùn: ta ni kò ní fẹ́ gba ìyá náà là? Inú òfin yẹn gan-an ni ìfẹ́ wọn ti rí agbára. Ọmọ ọdún 6 ni Clare nígbà tí ó kọ́kọ́ rí Henry ẹni ọdún 36. Ṣùgbọ́n nígbà tí Henry fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rí Clare, ẹni ọdún 28 ni, Clare jẹ́ ẹni ọdún 20, Henry kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀rọ wo ni ó wà níbẹ̀? Òǹkà ọjọ́ orí lásán ni, ó sì ń dun ni dé egungun.

Nígbà tí àwọn tí ó kọ́kọ́ kà á sọ èrò wọn, ó tú ìtàn náà palẹ̀, ó sì tún un tò kí ó lè tẹ̀ lé ìgbésí ayé Clare. 2001 ni ó tó parí rẹ̀. Ta ni í lá àlá fún ọdún 4?

Òfin tí mo ń wí yìí, kí ni àwọn baba wa ń pè é? Èèwọ̀ ni. Ta ni kò gbọ́ ìtàn ọdẹ tí ó fẹ́ obìnrin tí ó bọ́ awọ ẹfọ̀n sílẹ̀? Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: a kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó jẹ́ bú u. Ọjọ́ tí wọ́n fi bú u ni ó gbé awọ rẹ̀ wọ̀, tí ó wọ igbó lọ. Apàlọ́ mọ̀ pé bí èèwọ̀ bá ti di ẹ̀tàn, ìtàn ti kú nìyẹn. Ogún wa ni ọgbọ́n yìí, àwa ni a sọ ọ́ nù. Ẹ wo ìtàn tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ: bí ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ bá ti dojú rú, àlá kan yóò yọjú, tàbí wòlíì, tàbí ọlọ́rọ̀ kan láti òkè òkun.

Ó ku ti èdè. Àìsàn àjogúnbá kan ni ó ń gbé Henry kiri. Ṣé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un ni? Àrùn kan wà tí ń ti ara òbí wọnú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Fòníkú-fọ̀la-dìde ni a ń pè é, ta ni kò sì gbọ́ ìrora rẹ̀ nínú orúkọ yẹn? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún 6. Ní 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ó Le Kú jáde lórí ìfẹ́ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Bí ọmọ kékeré bá lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi kọnu ìfẹ́, kí ni ó ní kí méjèèjì má pàdé nínú ìwé kan?

Bí a bá kọ̀ tí a kò kọ ọ́, àwọn àbúrò wa yóò ṣáà ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò ti kà á, wọn yóò sì dàgbà tán kí wọ́n máa rò pé èdè àná ni Yorùbá, pé ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọ̀la kí ó yá èdè ẹlòmíràn lò.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá rí arìnrìn-àjò òfurufú nínú ìwé wa, ẹ má ṣe torí rẹ̀ dá a padà. Bí a bá da èèwọ̀ tí àwa fúnra wa là sílẹ̀ ni kí ẹ dá a padà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ kọ ohun tí ẹni inú ìtàn yín kò lè ṣe láéláé sílẹ̀, kí ẹ wá fún un ní olólùfẹ́, kí ẹ má sì ṣe ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.