Àsọtẹ́lẹ̀ Kò Ní Kí O Pa Ọmọ Náà

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú sáà tó kọjá, ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ilé-ìwé wa gbé ìbéèrè kan kalẹ̀: bí o bá jẹ́ ọba, tí aríran sì sọ fún ọ pé ọmọ ìkókó kan ni yóò gba adé lórí rẹ lọ́jọ́ iwájú, kí ni o máa ṣe? Inú ìwé Harry Potter ni olùkọ́ wa ti rí ìbéèrè náà fà yọ, nítorí pé ìwé yẹn ló ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ní kíláàsì wa nígbà náà. Mo rò pé àwàdà la fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tí yóò pa ọmọ náà nawọ́, ó ju ìdajì wa lọ tó nawọ́. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí, tí kì í lè wo ibi tí wọ́n ti ń pa adìyẹ Kérésì nílé wọn, òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kí Voldemort ṣe? Kó káwọ́ gbera? Àsọtẹ́lẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn án."

Aago lù kí n tó rí èsì fọ̀. Èsì náà nìyí. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àsọtẹ́lẹ̀ kò fi ọ̀nà kankan han ìkà inú ìtàn. Ẹ̀rù ló ń tì í, àsọtẹ́lẹ̀ wulẹ̀ jẹ́ aṣọ tó fi bo ẹ̀rù náà ni. Ẹni tó bá sì ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tán tó ń béèrè pé "kí lẹ fẹ́ kó ṣe?", ó ka ìwé bí ìkà ṣe ń gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ ni: ààbọ̀ ló gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí Voldemort fúnra rẹ̀. Ìwé karùn-ún, tó jáde ní 2003, ló tú àṣírí náà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sybill Trelawney ń wá iṣẹ́ olùkọ́ lọ sọ́dọ̀ Dumbledore ní ilé ọtí kan. Lójijì, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní ẹni tí yóò lè borí ọ̀gá àwọn onídán burúkú ń bọ̀, pé ìparí oṣù keje ni wọn yóò bí i, pé àwọn òbí rẹ̀ sì ti kojú ọ̀gá náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnì kan ń fetí kọ́ wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọ́n lé e dànù kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ìwọ̀nba tó gbọ́ ló gbé lọ fún Voldemort. Apá tí kò gbọ́ ló sọ pé Voldemort fúnra rẹ̀ ni yóò sàmì sára ọmọ náà tí yóò fi di ẹgbẹ́ òun. Àwọn àgbà ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Èyí tí Voldemort dá sílẹ̀ kọjá ìjà.

Ọmọ méjì ni ọ̀rọ̀ náà bá mu. Neville Longbottom, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 30 oṣù keje, àti Harry, tí wọ́n bí ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Kò sí ibi kankan nínú ohun tí wọ́n gbé wá fún Voldemort tó ti sọ pé Harry ni. Òun ló yàn án, nítorí pé ó rí ara rẹ̀ nínú ọmọ náà: ìdílé Harry kì í ṣe onídán láti òkè délẹ̀, tirẹ̀ náà kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo èrè tó jẹ. Ó pa ìyá ọmọ náà, ikú ìyá yẹn ló di ààbò sára ọmọ. Ó ju idán ikú lu ọmọ náà, idán padà wá lu òun fúnra rẹ̀. Àpá iwájú orí Harry, èdè ejò tó ń gbọ́, bó ṣe ń rí inú ọkàn ọ̀tá rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ pa á ló ti gba gbogbo rẹ̀. Ká ní Voldemort jókòó sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Harry ì bá jẹ́ ọmọ kan ṣáá tó ń lo awò ojú, tí ìyá rẹ̀ ń pariwo mọ́ pé kó lọ wẹ̀. Neville tí ó fojú fò dá ńkọ́? Nínú ìwé keje, òun ló bẹ́ ejò Voldemort lórí.

Nínú ìwé kẹfà, Dumbledore fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo mọ́ Harry kó tó yé e pé agbára tí àsọtẹ́lẹ̀ náà ní kò ju èyí tí Voldemort fún un lọ. Mo bi ọ̀rẹ́ mi tó nawọ́ bóyá ó ka ìwé kẹfà. Kò tíì dé ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù Willow ti ọdún 1988, tí bàbá mi fẹ́ràn gan-an láti ìgbà èwe wọn. Ayaba Bavmorda gbọ́ pé ọmọ kan tó ní àmì lára ni yóò fòpin sí ìjọba òun. Ó kó gbogbo aláboyún ìlú rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Agbẹ̀bí kan jí ọmọ náà gbé jáde, ó gbé e léfòó lórí odò kí àwọn tó ń lépa rẹ̀ tó pa á, ọmọ náà sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ènìyàn kúkúrú kan tí kò bá ayaba ní gbèsè kankan. Ta wá ni Bavmorda rán pé kó lọ wá ọmọ yẹn wá? Ọmọ tirẹ̀ gan-an, Sorsha. Ojú ọ̀nà yẹn ni Sorsha ti pàdé àwọn tó ń dáàbò bo ọmọ náà, ó sì yí padà sí wọn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ètùtù tí Bavmorda ń ṣe láti fi ran ọmọ náà lọ sí ọ̀run àìdé ló gbé òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àsọtẹ́lẹ̀ ló ṣamọ̀nà Bavmorda, kó sọ fún mi ibi tó mú un dé.

Nígbà mìíràn, ìkà kì í tilẹ̀ wá akọni kiri. Á kàn fi àsọtẹ́lẹ̀ ṣe ìrọ̀rí, á sùn lé e. Nínú The Lord of the Rings, olórí àwọn òkú agẹṣin gbọ́ pé kì í ṣe ọwọ́ ọkùnrin ni òun yóò ti ṣubú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn lórí ìyẹn. Obìnrin kan, Éowyn, ló pa á, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Merry, tí kì í ṣe ènìyàn bí àwa. (Nígbà tí mo fẹ́ sọ ìtàn yìí fún ìyá mi àgbà ni mo rí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló bá òǹkọ̀wé náà pa àlọ́ yẹn: ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin àti fún ènìyàn. Nílé wa, o gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, àṣírí á sì ti tú.) Ìkà kì í ka àsọtẹ́lẹ̀ láti mọ òtítọ́. Ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń wá níbẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù wà nínú ìwé Percy Jackson tí Rick Riordan kọ, bóyá nítorí pé èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 16. Àsọtẹ́lẹ̀ ńlá kan wà níbẹ̀ nípa ọmọ tí ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà Gíríìkì mẹ́ta tó dàgbà jù yóò bí: bó bá pé ọdún 16, òun ni yóò pinnu bóyá Olympus yóò dúró tàbí yóò wó. A mọ̀ pé Kronos ni ọ̀tá. Ṣùgbọ́n Zeus, ọba tí wọ́n ní kí á máa gbè lẹ́yìn, òun ló sán ààrá sí òtẹ́ẹ̀lì kan kí àwọn ọmọ méjì tí Hades bí lè kú. Àwọn ọmọ yè, ìyá wọn ló kú. Hades bínú, ó fi aríran wọn gégùn-ún. Nítorí ègún yẹn, obìnrin tó fẹ́ gba ipò aríran lẹ́yìn náà ya wèrè. Ọmọ obìnrin náà, Luke, dàgbà nínú ilé wèrè yẹn, ó kórìíra àwọn òrìṣà, ó sì gbé ara rẹ̀ fún Kronos lò. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ta ló ṣẹ̀dá ogun tí Zeus ń sá fún?

Àwọn ìwé tí mo dárúkọ yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn mìíràn kò mọ̀ ọ́n. Mo ti ka bíi mẹ́rin tó jẹ́ pé nínú orí kìíní, ọmọ ogun ọba burúkú ti ya wọ abúlé, wọ́n ti dáná sun ún, wọ́n ti pa gbogbo ọmọdé, ẹyọ kan ló bọ́, òun sì ni akọni. Nínú orí kejì, akọni ti ń kọ́ idà. Kò sẹ́ni tó sin àwọn yòókù. Òǹkọ̀wé náà gan-an kò ka iye wọn. Bó ṣe rí nínú Bíbélì nìyẹn pẹ̀lú Hẹ́rọ́dù, ẹni tó pa àwọn ọmọkùnrin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù láti ọmọ ọdún méjì lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n Mátíù kò fo ti wọn, ó mú ẹkún àwọn ìyá wọn wọ inú ìwé rẹ̀. Àwa la fò wọ́n. Lọ́dọọdún tí ìjọ wa bá ń ṣe eré Kérésì, wọ́n á ṣe áńgẹ́lì, wọ́n á ṣe olùṣọ́-àgùntàn, wọ́n á yọ ibi tí wọ́n ti pa àwọn ọmọ kúrò.

Àwọn kan yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni àsọtẹ́lẹ̀ ṣe rí nílẹ̀ Yorùbá. N kì í ṣe ọmọ onífá. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá, a kọ́ bí ẹsẹ Ifá ṣe máa ń tò: orúkọ awo, ẹni tí wọ́n dífá fún, ohun tó gbé e wá, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti àyọrísí rẹ̀. Ẹni tó lọ dífá kì í gbọ́ ìròyìn burúkú tán kó kàn fa idà yọ. Ó máa ń béèrè ohun tí òun alára yóò ṣe, ohun tí yóò jáde nínú àpò tirẹ̀. Voldemort kò béèrè. Bavmorda kò béèrè. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ fi rúbọ.

Lóòótọ́, Ọba Adétùsà kì í ṣe ìkà. Mo ń sọ nípa The Gods Are Not to Blame, eré tí Ọlá Rótìmí yọ jáde láti inú ìtàn Oedipus àwọn ará Gíríìkì, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968. Aríran sọ pé ọmọ ọba yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ náà fún Gbọ́nká pé kó gbé e lọ sígbó. Àánú ṣe Gbọ́nká, ọmọ náà yè, ó dàgbà lọ́wọ́ ọdẹ ní ìlú mìíràn. Ìdí nìyẹn tí Ọdẹ́wálé fi bá arúgbó kan jà lórí oko rẹ̀ láìmọ̀ pé bàbá òun ni. Ká ní inú ilé bàbá rẹ̀ ló ti dàgbà, yóò mọ ojú rẹ̀. Gbígbé tí wọ́n gbé e jùnù ló fọ́ ọ lójú. Ní kíláàsì, gbogbo wa ń káàánú ọba yẹn, kò sì sí ẹni tó pè é ní Voldemort. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe.

Ìdí tí mo fi dúró lórí Adétùsà ni pé wọ́n ti gbé èmi náà lọ sígbó rí.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 9, màmá mi fi mí sọ́dọ̀ àbúrò wọn kí n lè rí ilé-ìwé tó dára lọ. Aṣọ ni àǹtí mi ń tà. Wọ́n fẹ́ràn mi. Àwọn ni wọ́n ra bàtà ilé-ìwé tí kò tí ì bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n kankan rí fún mi. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n bí ọmọkùnrin. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ọjà dojú rú. Wọ́n lọ rí aríran kan. N kò ní sọ ẹ̀sìn tó ń ṣe, nítorí kò sí ẹ̀sìn tí irú rẹ̀ kò sí. Ọkùnrin náà ní ọmọ kan tó wọ inú ilé lọ́dún tó kọjá ló jókòó lórí àpótí owó wọn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ méjì ló wọ inú ilé yẹn lọ́dún náà. Ọ̀kan gbé báàgì Ghana-Must-Go dání. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù funfun pọ́n èkejì wọlé.

Àárín sáà kejì ni wọ́n kó ẹrù mi. Odindi ọdún kan ni mo fi jókòó sílé kí n tó tún wọ ilé-ìwé, òun ló fà á tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi wà ní SS3 tí mo ṣì wà ní SS2. Ọjà náà kò sì dìde nígbà tí mo lọ. Dọ́là ló gbówó lórí, gbogbo àwọn aláṣọ ọjà náà ló ń sunkún lọ́dún yẹn. Ọmọ mélòó ló wá jókòó lórí àpótí owó gbogbo wọn?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ nawọ́, ẹ bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí Voldemort ṣe. Mo fẹ́ kó lọ wádìí ìdajì ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Mo fẹ́ kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ti ṣe tí ọmọ tí kò tíì lè jókòó fi ń bà á lẹ́rù. Bí kò bá lè ṣe méjèèjì, kó lọ sùn.

Àǹtí mi ti bẹ màmá mi, a sì ti ń lọ kí wọn nígbà ọlidé. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, mo ń sọ ìtàn Harry fún ọmọ wọn, tó ti ń lọ sí ọmọ ọdún méje báyìí. Mo dé ibi tí àsọtẹ́lẹ̀ ti bá ọmọ méjì mu, ó dá mi dúró.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún un pé kì í ṣe èkejì?"

Àǹtí mi ń ka owó ọjà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n dáwọ́ owó kíkà dúró.

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún un.