Ọlọ́kadà Ìbàràpá, Ẹ Ṣírò Èyí Tó Kù

Olóòtú,

Mo fẹ́ bá àwọn ọmọ wa tí ń gun ọ̀kadà ní ilẹ̀ Ìbàràpá sọ̀rọ̀, láti Èrúwà àti Lánlátẹ̀ títí dé Igbó-Ọrà àti Ìdèrè. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa àgbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀yìn wọn ni ẹ̀gúsí àti gààrí wa ń gbà dé ọjà.

Láti ọjọ́ 29 oṣù May, 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ohùn kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu wọn: "Baba, owó ò sí níbẹ̀ mọ́." Òótọ́ ni. Bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó N200 ṣáájú ìgbà náà ti kọjá N800 nígbà tó fi di September 2024. Ní June 2023 kan náà ni ìjọba tún tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, bẹ́ẹ̀ India àti China ni máṣíìnì àti ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ń wá. Ìyà méjì ló dé pọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà wá owó kún owó ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n á gbé èrò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sá eré àsápajúdé, wọ́n á bọ́ sójú ọ̀nà ní ìdájí, wọn ò ní wọlé títí di òru. Owó tí wọ́n bá kà lálẹ́ ni wọ́n ń pè ní èrè. Kì í ṣe èrè o! Ká ní ọmọ kan pa N10,000 lóòjọ́. Ó ra epo N3,000, ó jíṣẹ́ N3,000 fún olówó máṣíìnì, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì N500, ó jẹun N1,500. N2,000 ló kù. Bí kò bá yọ N1,000 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ nítorí ọ́ìlì, táyà àti bíréèkì, ọjọ́ tí máṣíìnì bá dẹnu kọlẹ̀, gbèsè ló máa jẹ. N1,000 péré ni tirẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ́ nítorí èrò kẹta, oṣù mélòó ni N1,000 yẹn fi máa tọ́jú rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ará Èkó tó ń fi fóònù gbé èrò ló rí i ṣe. Uber dé Èkó ní 2014, Taxify tí à ń pè ní Bolt báyìí tẹ̀lé e ní 2016. Ilé-iṣẹ́ ló ń pinnu owó ọkọ̀, òun náà ló ń yọ bí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí mẹ́rin, awakọ̀ ló sì ń ra epo. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ náà fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní June 2023. Ọlọ́kadà tiwa sàn jù wọ́n lọ níbi kan: òun àti èrò ló jọ ń ná an.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, ẹ yé padà lófìfo. Ẹni tó gbé èrò lọ sóko, tó sì dá nìkan padà, epo ìrìn méjì ló jó fún owó ìrìn kan. Ẹ bá àwa àgbẹ̀ dá àdéhùn ẹrù àbọ̀. A ó san án, kò ní tó owó ọkọ̀ ẹlẹ́rù, ẹ̀yin náà kò sì ní pàdánù. Èkejì, ẹ dá àjọ láàrin ara yín, kí ẹ máa fi ra máṣíìnì fún ara yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìṣirò òkè yẹn, ẹni tó ni máṣíìnì rẹ̀ á mú N4,000 délé dípò N1,000. Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá fẹ́ gbà á ní àwìn, kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò san, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí àìsàn bá dé tàbí bí olè bá gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Paríparí rẹ̀, ẹ má ta oko baba yín nítorí ọ̀kadà. Ní February 2020, ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ó sì kan Gokada àti ORide tí wọ́n lówó lọ́wọ́ rẹpẹtẹ. Ní June 1, 2022, wọ́n tún fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Iṣẹ́ tí àṣẹ ọjọ́ kan lè gbà lọ́wọ́ ẹni, kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan ni ènìyàn gbójú lé. Ẹ gun ún láàárọ̀ àti lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ fi ìyókù roko.

Ẹ̀yin olówó máṣíìnì náà, ẹ ṣàánú. Bí epo bá gbówó lórí, tí iye tí ẹ ń gbà kò sì yí padà, eré àsápajúdé lẹ ń rán ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ Ẹlẹ́gùúsí,
Èrúwà.